Ọmọ Òkè Ni Ewúrẹ́

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Adó wọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, àpáta ni yóò kọ́kọ́ rí. Olósùnta dúró gàgàrà, orí rẹ̀ pá, ara rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Òròlé náà kò jìnnà sí i. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta sọ pé ó ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún tí òkúta wọ̀nyí ti dì nínú ilẹ̀ jinjin, kí òjò àti ẹ̀fúùfù tó ṣí ilẹ̀ orí wọn lọ díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n fi yọrí síta. Ará Ìkẹ́rẹ́ kì í fi wọ́n ṣeré. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Olósùnta, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ pé òkè náà ju òkúta lásán lọ lójú ìlú.

Ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé ti kan àpáta, àwọn kan wà tí kì í dúró de ọjọ́ ọdún kí wọ́n tó gun òkè. Mo dúró wo ọ̀kan nínú wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan: abo ewúrẹ́ dúdú kan, tó ní funfun lẹ́sẹ̀, tí èjìká rẹ̀ kò ga ju orúnkún èèyàn lọ. Ó dé ìdí àpáta kan tí àgbàlagbà yóò fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn. Ó wò ó. Ó fò, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì bọ́ sórí bèbè tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti bá wọn níbẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó tún fò. Ọmọ rẹ̀ méjì ké nísàlẹ̀, wọ́n wá ibi tó rọrùn ju èyí tí ìyá wọn gbà lọ, wọ́n sì gòkè tọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìyá ti dùbúlẹ̀ sórí òkúta gbígbóná, ojú rẹ̀ kọ sísàlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ewúrẹ́ tí à ń sìn ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ẹmùré, ẹranko òkè ni. Ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá tó ti ń bá èèyàn gbé kò tíì mú òkè kúrò lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní agídí, ojúkòkòrò tàbí ìpáǹle lára rẹ̀, ọgbọ́n tí òkè fi kọ́ ìran rẹ̀ ni. Ẹni tó bá mọ èyí yóò sìn ín dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yóò sì mọ ìdí tí àrùn kan tó ń pa ewúrẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa fi ń pa àwọn ìbátan rẹ̀ lórí òkè ilẹ̀ òkèèrè.

Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá

Ìran ewúrẹ́ igbó kan ṣì wà títí di òní lórí àwọn òkè Tọ́kì, Ìran àti Pakistan. Bezoar ni wọ́n ń pè é. Akọ rẹ̀ ní irùngbọ̀n dúdú àti ìwo gígùn tó tẹ̀ kọ́rọ́ sẹ́yìn. Orí òkúta tí ẹkùn àti ìkookò kò ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé. Lára rẹ̀ ni gbogbo ewúrẹ́ ilé lágbàáyé ti ṣẹ̀.

Ní abúlé àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Ganj Dareh, lórí òkè Zagros ní ilẹ̀ Ìran, àwọn awalẹ̀pìtàn hú egungun ewúrẹ́ tó ti lé ní 10,000 ọdún. Nígbà tí wọ́n yẹ egungun náà wò, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú akọ ni wọn kò jẹ́ kó dàgbà kí wọ́n tó pa á, ṣùgbọ́n abo máa ń pẹ́ láyé. Ọdẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹran ńlá ni ọdẹ ń wá. Olùsìn ẹran ló ń pa akọ jẹ, tó ń dá abo sí kó lè máa bí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá àgbà tó ń sin ewúrẹ́ ní Ẹmùré ṣe ń ṣe lónìí: òbúkọ ló ń bá ọdún lọ, abo ló ń kù nílé. Ní Ganj Dareh kan náà, wọ́n rí ojú pátákò ẹran lára bíríkì amọ̀. Ẹnì kan ti mọ bíríkì, ó sá a sóòrùn. Kó tó gbẹ, ewúrẹ́ ti rìn kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ bíríkì rí ní Èkìtì mọ̀ pé ewúrẹ́ kò tíì fi ìwà yẹn sílẹ̀.

Láti òkè wọ̀nyẹn ni wọ́n ti bá èèyàn rìn wọ Íjíbítì, tí wọ́n la Sàhárà kọjá nígbà tí koríko ṣì ń hù níbẹ̀, tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní agbègbè Kintampo ní ilẹ̀ Gánà, egungun ewúrẹ́ ilé wà nínú ilẹ̀ láti ohun tó lé ní 3,000 ọdún. Àlejò ni wọ́n. Igbó wa kò ní ewúrẹ́ tirẹ̀ rí. Ní Áfíríkà, ìran ewúrẹ́ igbó wà lórí òkè Simien ní Ethiopia, níbi tí Walia ibex tó ṣẹ́kù kò ti ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Òmíràn wà ní àwọn òkè etí Òkun Pupa. Lórí òkè Aïr ní orílẹ̀-èdè Niger, ìbátan wọn kan tí wọ́n ń pè ní aoudad ṣì ń gbé àárín òkúta àti iyanrìn. Ilẹ̀ gbígbẹ àti òkè ló yẹ gbogbo wọn.

Ewúrẹ́ tó wọ igbó tiwa yí ara padà. Ó kúrú: gíga rẹ̀ ní èjìká kì í sábà ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ, abo àgbà kì í sì sábà wọn ju 25 kílò lọ. Ara rẹ̀ sì le. Ó lè gbé àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbìn sára ẹran mọ́ra, àrùn tó ń ṣe màlúù àti ewúrẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn ní jàǹbá ńlá tí wọ́n bá kó wọn wọ igbó. Oṣù 5 ló fi ń lóyún, ìbejì ló sì sábà máa ń bí, ìbẹ́ta náà kì í ṣe èèmọ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ewúrẹ́ pọ̀ sí jù lọ láyé, wọ́n lé ní 70 mílíọ̀nù. Kúkurú yìí ló kún gúúsù. Àwọn òyìnbó kó irú rẹ̀ lọ láti fi sí ọgbà ẹranko, ó sì di ẹran ọ̀sìn níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Nigerian Dwarf ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn ìran tó ti ibẹ̀ jáde, wọ́n sì ń fún wàrà lára rẹ̀. Ní 2005 ni ẹgbẹ́ àwọn olùsìn ewúrẹ́ oníwàrà níbẹ̀ gbà á wọ inú ìwé wọn.

Ẹsẹ̀, ojú àti iyọ̀

Ẹ gbé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ sókè, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Pátákò náà pín sí méjì. Etí rẹ̀ le, ó mú, ó lè kọ́ ojú òkúta tó bá ṣẹ́ kékeré. Àárín rẹ̀ rọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó bá tẹ̀. Méjèèjì lè yà fún ara wọn kí wọ́n fi di òkúta mú, wọ́n sì lè pa dé bí ibi tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ bá há. Lẹ́yìn, lókè pátákò, èékánná kéékèèké méjì tún wà tó ń gbá a dúró bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ń yọ̀.

Irú pátákò bẹ́ẹ̀ kì í dẹ́kun híhù, nítorí òkúta ló yẹ kó máa rà á. Ewúrẹ́ tó ń gun Olósùnta kò nílò ẹni tí yóò gé pátákò rẹ̀. Èyí tí a so mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ láti oṣù dé oṣù, pátákò rẹ̀ á gùn, á tẹ̀ wọnú, ẹran á máa tiro, a ó sì ní ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Àìrí òkúta rìn ló fa á.

Ojú rẹ̀ náà jẹ́ ojú ẹranko tí ọ̀tá ń dọdẹ ní gbangba. Ọmọlójú rẹ̀ kò rí roboto bíi tiwa. Ó gùn ní ìbú, ó sì fi ń rí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀yìn ara rẹ̀ láì yí ọrùn. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì California ní Berkeley gbé ohun kan jáde tó yani lẹ́nu. Nígbà tí ewúrẹ́ bá tẹrí ba láti jẹun, ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì máa ń yí nínú ihò wọn, nǹkan bí dígírì 50, kí ọmọlójú náà lè wà ní ìbú pẹ̀lú ilẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹnu ṣe ń jẹ ni ojú ń ṣọ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ewúrẹ́ tó tẹrí sínú èèpo iṣu fi máa ń rí igi tí a gbé dání lẹ́yìn rẹ̀ kí a tó jù ú.

Ti iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Ewé òkè kò ní iyọ̀ tó, nítorí náà ewúrẹ́ igbó a máa wá a kiri. Ní àríwá Ítálì, ìdídò omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Cingino. Ògiri rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, síbẹ̀ àwọn ibex ń gùn ún, tìyá tọmọ, láti lá iyọ̀ tó ń yọ lára òkúta tí wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò lára ògiri amọ̀ ní Ìsẹ̀, tàbí kúrò níbi tí ọmọdé tọ̀ sí, ohun kan náà ló ń rí. Ebi iyọ̀ ló ń pa ẹran náà. Ìwọ̀nba iyọ̀ nínú àwo lè gba ògiri yẹn là.

Ẹnu tó ń ṣà

Àgùntàn a máa da ojú kọ ilẹ̀, a máa jẹ koríko. Ewúrẹ́ a máa gbójú sókè, a máa wá ewé. Bí ewé bá ga, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, á fi ti iwájú ti igi, á na ọrùn. Ètè òkè rẹ̀ ń gbéra, ó lè mú ewé kan ṣoṣo láàárín ẹ̀gún. Àwọn tó ń sìn ín ní gúúsù Èkìtì mọ ohun tó fẹ́ràn: ewé ìyeyè, ewé ọ̀dán, agúnmániyè tí wọ́n fi ṣe ọgbà, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ.

Wọ́n máa ń sọ pé kò sí ohun tí ewúrẹ́ kì í jẹ. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ tí ẹran mìíràn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tó ti tọ̀ sí fún un, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò gbé ẹnu kúrò. Nínú oko, á já ewé méjì níhìn-ín, á sún, á já mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ewé ló ní oró díẹ̀ nínú. Ẹni tó bá jẹ díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀, oró kankan kò ní pọ̀ lára rẹ̀. Ohun tí òkè kọ́ ọ nìyẹn, níbi tí ewé kò pọ̀ tí oró sì wà nínú èyí tó wà. Ewúrẹ́ tí a so mọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo kò lè lo ọgbọ́n yẹn. Ó di dandan kó jẹ ohun tí òun nìkan ì bá fi sílẹ̀.

Bó bá yó, ibi gíga ló ń wá. Orí àpáta, orí òkìtì, orí igi tó ṣubú, àní orí ọkọ̀ tó ti bàjẹ́. Níbẹ̀ ni yóò dùbúlẹ̀ jẹ àpọ̀jẹ, nítorí pé níbi tó ga ni yóò ti tètè rí ẹni tó ń bọ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá rọ̀, yóò mọ ọ̀nà ilé. Àwọn àgbà ló sọ pé ewúrẹ́ jẹ ó relé, àgùntàn jẹ ó relé, à-jẹ-ì-wálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Àwọn ewúrẹ́ igbó náà ní ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ lórí òkè láti ọdún dé ọdún, àti ihò tí wọ́n ń wọ̀ bí òjò bá ṣú.

Ìyá, ọmọ àti òbúkọ

Nínú agbo ewúrẹ́, abo àgbà ló ń ṣíwájú. Lórí òkè, abo àti àwọn ọmọ wọn ló ń jọ rìn. Akọ a máa wà ní agbo tiwọn títí àsìkò tí wọ́n ń gun abo á fi dé. Ewúrẹ́ òkè Amẹ́ríkà, ẹran funfun onírun gígùn tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ìyá bezoar gan-an, tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: abo rẹ̀ ni ń lé akọ kúrò nídìí oúnjẹ. Nílé wa, ẹ da èèpo iṣu sílẹ̀, kí ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ jẹ. Ipò wà láàárín wọn, olúkúlùkù sì mọ tirẹ̀. Ìgbà tí àjèjì bá wọ agbo ni ẹ ó rí i tí méjì yóò dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí wọ́n á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n á sì kan ìwo gbà-á. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọ̀rọ̀ á tán, kò ní sí ìjà mọ́. Èyí ni ìdí tí kò fi dára kí a máa mú ẹran tuntun wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ tuntun kì í tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ kiri ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Á wá kọ̀rọ̀, á dùbúlẹ̀ mọ́lẹ̀ láì mira, ìyá á lọ jẹun, á padà wá fún un lọ́mú. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ewúrẹ́ igbó ṣe ń sá fún ẹyẹ idì àti ìkookò. Bí ẹ bá wá ọmọ ewúrẹ́ tì nílé, ẹ yẹ abẹ́ àpótí àti ẹ̀yìn igi ìdáná wò kí ẹ tó pariwo olè. Ohun kan ló ṣe pàtàkì jù: wákàtí kìíní lẹ́yìn ìbímọ. Ìgbà yẹn ni ìyá ń lá ọmọ, tó ń mọ òórùn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní wákàtí yẹn, ìyá lè kọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bá dá a padà.

Lẹ́yìn òórùn ni ohùn. Ní Queen Mary, yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Elodie Briefer àti Alan McElligott ṣe ìwádìí lórí àwọn ewúrẹ́ kúkurú tí baba ńlá wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ. Ní 2012, wọ́n gbé e jáde pé ohùn àwọn ọmọ ewúrẹ́ tó ń jọ gbé a máa jọra díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, agbo kọ̀ọ̀kan á sì ní ìró tirẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ìyá ṣì mọ ohùn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Ẹmùré ì bá ti sọ fún wọn pé ewúrẹ́ tí a ta ọmọ rẹ̀ kì í tètè gbàgbé.

Òbúkọ ní tirẹ̀, òórùn ni ohùn rẹ̀. A máa tọ̀ sí irùngbọ̀n àti ẹsẹ̀ iwájú ara rẹ̀, orí rẹ̀ a sì máa rùn. A ń di imú mú, a ń lé e jìnnà sí ilé. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn pé ohun kan tó ń jáde láti ara irun orí òbúkọ máa ń wọ imú abo, tó sì ń jí apá ọpọlọ tó ń darí ìbímọ. Nínú àwọn abo tó ti pẹ́ tí wọn kò rí òbúkọ, òórùn yẹn nìkan lè mú kí púpọ̀ nínú wọn gba akọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ á wá bọ́ sí àsìkò kan, ìyẹn sì ṣe pàtàkì lórí òkè, níbi tí ewé tútù kì í wà títí ọdún.

Bí ìwà òkè yìí ṣe jinlẹ̀ tó, àwọn erékùṣù Galápagos ló jẹ́rìí rẹ̀. Ní 1959, wọ́n tú ewúrẹ́ ilé 3 sílẹ̀ ní erékùṣù Pinta, akọ kan àti abo méjì. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí àpáta níbẹ̀, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ ìjàpá ńlá ibẹ̀ tán. Kí ìjọba ibẹ̀ tó gba àwọn erékùṣù tó kù sílẹ̀, ewúrẹ́ tí wọ́n kó kúrò lé ní 100,000. Ewúrẹ́ tó já okùn kò nílò olùkọ́ láti di ẹran igbó.

Àwọn ìbátan tó wà nínú igbó wa

Bí kò bá sí ewúrẹ́ igbó ní Èkìtì, àwọn wo ló wà níbẹ̀? Ní Nàìjíríà, ẹran igbó tó fi ìwà jọ ewúrẹ́ òkè jù lọ wà ní àríwá, lórí àwọn àpáta agbègbè Jos. Klipspringer ni wọ́n ń pè é. Góńgó pátákò ló fi ń dúró lórí òkúta. Tọkọtaya ló ń jọ gbé; bí ọ̀kan bá ń jẹun, èkejì á máa ṣọ́nà. Wọn kò pọ̀ mọ́.

Ní gúúsù Èkìtì, inú igbó ni àwọn ìbátan ewúrẹ́ wà. Ẹtu àti àgbọ̀nrín, ìdílé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ewúrẹ́: pátákò méjì, ìwo tí kì í wọ́, ikùn tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹtu kò gun òkè; abẹ́ igbó ṣíṣú ni òkè tirẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ìró, á rì mọ́ inú ìtàkùn kí ojú tó rí i. A máa rìn nísàlẹ̀ igi tí ọ̀bọ ti ń jẹun, a máa ṣa èso tí wọ́n jù sílẹ̀. Àgbọ̀nrín a máa dá rìn ní etí igbó àti etí oko lálẹ́. Bí ẹ̀rù bá bà á, á gbó bí ajá. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kéde pé irú ẹtu kan wà láàárín Tógò, Benin àti Nàìjíríà tí ìwé sáyẹ́ǹsì kò tíì mọ̀ rí, wọ́n sì sọ ọ́ ní ẹtu Walter. Lára ẹran tí ọdẹ pa tà ni wọ́n ti rí ẹ̀rí rẹ̀. À ń sè é lọ́bẹ̀ kí ayé tó mọ̀ pé ó wà.

Igbó Ọba tó wà ní Ìsẹ̀ ni ibi tó tóbi jù tó kù fún wọn ní apá yìí. Níbẹ̀ náà ni díẹ̀ nínú àwọn ìnàkí tó ṣẹ́kù ní ilẹ̀ Yorùbá ń gbé. Àwọn agégẹdú ti wọ̀ ọ́, oko kòkó ti wọ̀ ọ́, ìbọn àti tàkúté ń jẹ ẹ́ nínú. Ẹni tó ní ewúrẹ́ tó sanra nílé kò nílò àgbọ̀nrín olóyún láti fi jẹ iyán. Mo fẹ́ kí àwọn ọdẹ Ìsẹ̀ àti Ọ̀run gbọ́ èyí láti ẹnu ọmọ wọn: bí ẹ bá dá abo sí, bí olùsìn ewúrẹ́ ṣe ń dá a sí, ẹran kò ní tán nínú igbó yín.

Kata

Ní 1942, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ni àwọn dókítà ẹran kọ́kọ́ kọ ìwé nípa àrùn kan tó ń run ewúrẹ́ àti àgùntàn. PPR ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní Nàìjíríà, kata ni. Ara ẹran á gbóná, kò ní jẹun. Omi á máa dà lójú àti nímú rẹ̀, á nípọn di ikun. Egbò á yọ sẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, èémí á wá di ìjàkadì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ilé tó ní ewúrẹ́ 12 lè ku 2. Kì í mú èèyàn. Afẹ́fẹ́ imú àti ẹnu ló fi ń ràn, ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà ló sì sábà máa ń gbé e wọlé.

Kò mọ sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ó ti gun òkè. Ó pa ewúrẹ́ igbó ní Ìran. Ní 2015, ó pa àwọn ibex ní ìwọ̀-oòrùn China. Láàárín 2016 sí 2017, ó wọ ilẹ̀ Mongolia, ó sì pa ju ìdajì lọ nínú àwọn ẹran saiga tó wà níbẹ̀. Láti ara ewúrẹ́ àti àgùntàn ilé ló ti ń dé ọ̀dọ̀ ẹran igbó, níbi omi àti koríko tí wọ́n jọ ń lò. Ẹni tó bá gba ewúrẹ́ ilé lọ́wọ́ kata, ó gba ti òkè náà.

Ibi tí ọwọ́ Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ yẹ kó mú orí wa wú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń lò jù fún àrùn yìí káàkiri ayé, Nigeria 75/1 ni orúkọ rẹ̀. Lára ewúrẹ́ kan tí àrùn náà kọlù ní Nàìjíríà ní 1975 ni wọ́n ti gba kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n sì sọ di aláìlágbára ní ilé ìwádìí. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan a máa dáàbò bo ewúrẹ́ fún ọdún 3, ó kéré tán. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe é. Ní 2015, àjọ FAO àti àjọ ìlera ẹranko àgbáyé pinnu ní Abidjan pé kí kata kúrò láyé kó tó di 2030. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí: àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest, ìbátan kata, ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá ní 2011.

Síbẹ̀, ewúrẹ́ ń kú ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ẹmùré, àwọn ìyá wa ń sọ pé ọdún burú. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé ìgò abẹ́rẹ́ kan wà fún ọ̀pọ̀ ẹran, inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà, bí wọ́n bá sì ti pò ó, wákàtí díẹ̀ ló ní. Dókítà ẹran kò lè ṣí i nítorí ewúrẹ́ 3. Àdúgbò ló gbọ́dọ̀ para pọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí, ẹ̀yin olùsìn ewúrẹ́ ní gúúsù Èkìtì. Ẹ kó ewúrẹ́ àdúgbò yín jọ, kí ẹ pe dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹran tí ẹ bá rà lọ́jà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 kó tó wọ inú agbo. Ẹ fi pákó gbé ilẹ̀ ilé wọn sókè kó má baà tutù, ẹ fi òkúta tàbí gẹdú kan sí ọgbà kí wọ́n rí ohun gùn, ẹ fi iyọ̀ sí àwo, ẹ má ṣe so wọ́n mọ́ ẹ̀ka kan láti àárọ̀ dalẹ́. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì rí i pé abẹ́rẹ́ kata kò wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ kankan, kí wọ́n sì dá ayùn àti ìbọn dúró nínú Igbó Ọba Ìsẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí a fi ewúrẹ́ Nàìjíríà ṣe ń gba ẹran là lórí òkè àwọn ẹlòmíràn. Kò yẹ kí ewúrẹ́ tiwa máa kú nítorí àìrí i gbà.